Ọwọ́ Ìyá Rẹ̀ Ló Ti Gbà Á

Ọkọ mi kò parọ́. Ohun tí dókítà sọ fún wa ló tún sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, nígbà tí èmi ṣì ń wá àga tí mo máa jókòó lé. Dókítà ní, "Mitokọ́ńdíríà yìí, ọ̀dọ̀ màmá nìkan la ti máa ń gbà á." Ọkọ mi gbé fóònù sétí, ó ní, "Màámi, wọ́n ti rí ohun tó ń ṣe ọmọ yìí o. Wọ́n ní ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á."

Inú fóònù náà dákẹ́. Ìyá ọkọ mi kì í sì í dákẹ́. Tí ẹ bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, á ròyìn fún yín títí kan eku tó jẹ ọṣẹ ìfọṣọ rẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ náà, "Mo gbọ́" nìkan ló sọ, ó sì pa fóònù.

Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìgándò. Àṣìsọ ni mò ń tún ṣe jẹun. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ohun tí ọkọ mi ṣe, orí mi sì gbóná. Ta ni kò mọ̀ nínú wa pé tí ọmọ bá ní imú ìyá rẹ̀, a kì í sọ pé ó gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀? A máa ní ó jọ ọ́ ni. Tó bá ní ìwà rẹ̀, a máa ní ó fìwà jọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni ọmọbìnrin máa ń gbà lọ́wọ́ ìyá lẹ́nu àwa Yorùbá, àwọn àgbà kì í sì í dárúkọ rẹ̀ kí wọ́n má wo ẹ̀yìn. Àjẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀, mi ò ní ohun tí mò ń bẹ̀rù.

"Kí lẹ sọ fún wọn yẹn?" mo bi ọkọ mi.

"Ohun tí dókítà sọ náà ni."

"Dókítà ní ọ̀dọ̀. Ẹ̀yin ní ọwọ́."

"Ọ̀dọ̀, ọwọ́, ṣé ìyẹn ló kàn báyìí? Bí ara ọmọ á ṣe yá ló kàn, jàre."

Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nígbà yẹn. A wọlé lọ bá ọmọ wa, tó ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Òun nìkan la bí. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí ti ìyá bàbá rẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ilé ìwé ni a ti kọ́kọ́ rí àmì àìsàn náà. Á gùn ún dé àárín, á jókòó, á máa ṣe bí ẹni tó ń so okùn bàtà. Lẹ́yìn náà ni ìpéǹpéjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lọ́sàn-án, tó fi jẹ́ pé tí a bá ń bá a sọ̀rọ̀, á gbé àgbọ̀n sókè kó tó lè rí wa. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní ibà ni, àwọn kan ní táífọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí a ra awò ojú, a rà á. Awò ojú kò ṣe nǹkan kan, àfi pé òun fúnra rẹ̀ wo dígí, ó ní òun dà bí adájọ́ tó ń tòògbé. A rẹ́rìn-ín. Mo sì lọ sunkún ní balùwẹ̀. Nígbẹ̀yìn ni dókítà kan gé díẹ̀ nínú ẹran itan rẹ̀, tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti tèmi, èsì rẹ̀ la sì lọ gbà lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé mo mọ mitokọ́ńdíríà ju bí mo ṣe mọ àwọn aládùúgbò mi lọ. Ọdọọdún ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nípa rẹ̀. Ẹ jí akẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí lójú oorun ní gbogbo agbègbè wa, kí ẹ bi í ohun tó ń jẹ́ mitokọ́ńdíríà, kó tó la ojú á ti kígbe pé, "Páwà háúsì sẹ́ẹ̀lì!" Ibẹ̀ ló máa parí sí. Lójú wọn, ohun kan bí tiransifọ́mà ìsàlẹ̀ àdúgbò ni, tó kàn ń kùn síbì kan, tí ẹnikẹ́ni kì í rántí àfi tó bá bú gbàù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ra ṣàkì lọ́jà Ìkòtún lọ sí kíláàsì. Màá gbé e sórí tábìlì, wọ́n á pariwo, àwọn tó wà níwájú á dimú. Màá ní kí wọ́n fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ́jú, ó ń yọ̀. Màá wá yí inú rẹ̀ síta, gbogbo rẹ̀ á ṣẹ́ po wúruwùru. "Awọ méjì ni mitokọ́ńdíríà ní," màá wí. "Ti òde tẹ́jú. Ti inú ṣẹ́ po báyìí. Kí ló dé tó fi ṣẹ́ po?" Wọ́n á máa wojú ara wọn. "Kí àyè iṣẹ́ lè pọ̀ nínú ilé tó kéré ni. Orí ìṣẹ́po yìí ni oúnjẹ tí ẹ jẹ àti atẹ́gùn tí ẹ mí sínú ti ń di agbára. Níbi tí iṣẹ́ bá sì ti pọ̀ lára, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọ̀ sí: ọkàn, ọpọlọ, iṣan ẹsẹ̀, iṣan ojú."

Lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí, màá gbé ṣàkì náà lọ ilé, màá sè é. Mi ò kì í fi nǹkan ṣòfò.

Dókítà ṣàlàyé fún wa pé nínú mitokọ́ńdíríà ti ọmọ wa, àwọn kan ń ṣiṣẹ́, àwọn kan kò ṣiṣẹ́. Mo yí i padà fún ọkọ mi, mo ní háàfù kọ́rẹ́ǹtì ló ní, bí ìgbà tí gílóòbù bá ń pọ́n tí fíríìjì ò sì lè gbéra. Ó yé e. Kò sí oògùn tó ń wò ó tán, àwọn fítámì kan ló wà tí yóò máa lò. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí dókítà tẹnu mọ́, ó tilẹ̀ fi gègé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ọmọ yìí kò gbọdọ̀ fo oúnjẹ. Ara ẹlòmíì lè wà lófìfo kó máa jẹ ohun tó ti kó pamọ́, ara tirẹ̀ kò lè ṣe é. Tí ebi bá pa á pẹ́, tí òùngbẹ tún dá kún un, ìwọ̀nba iná tó kù yẹn lè kú, ó sì lè má tàn mọ́. Ọkọ mi wà níbẹ̀. Ó ń mi orí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ìyá ọkọ mi fi dé láti Ayọ̀bọ̀, níbi tí ọmọ rẹ̀ kọ́ ilé kékeré sí fún un. Ó yẹ kí ẹ mọ irú obìnrin tó jẹ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní Oǹdó, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ pàdé, wọ́n ní kò kó nǹkan kan wọlé wọn, kò sì ní í kó nǹkan kan jáde, wọ́n ní ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn pàápàá, tiwọn ni láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó dákẹ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n lọ sóko, ó pọn ọmọ náà wá sí Èkó. Àkàrà ló ń dín ní ibùdókọ̀ Pleasure tó fi rán an níwèé. Kò tún fẹ́ ọkọ mọ́, kò sì bí òmíràn. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí títí mo fi lè kà á bí àdúrà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìtàn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń ṣí ìkòkò mi wò.

Lọ́tẹ̀ yìí kò ṣí ìkòkò. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní òun ti jẹun. Tí mo bá fọwọ́ kan ọmọ, ojú rẹ̀ á tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó ní, "Mo ti gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ sọ." Ó wá wò mí títí.

"Ìyá tìrẹ náà," ó ní, "kí ló pa wọ́n?"

"Ọkàn ni, mà."

"Ara wọn dá nígbà ayé wọn?"

Mo lè purọ́. Mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ṣùgbọ́n nípa ìyá mi ló ń béèrè, ìyá mi tí wọ́n pè ní ọ̀lẹ nílé ọkọ rẹ̀ ní Èkìtì títí ó fi kú, nítorí pé ó máa ń sọ omi kalẹ̀ lágbedeméjì ọ̀nà odò. "Ojú wọn náà máa ń wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, mà," mo wí.

"Hùn-ún," ni ìyá ọkọ mi dáhùn. Ó dìde, ó sì gba Ayọ̀bọ̀ lọ.

Mo rò pé ó máa rọlẹ̀. Ọkọ mi ní kí n fún ìyá òun láyè. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọkọ mi wá gbé ọmọ lọ sí Ayọ̀bọ̀ kó lọ lo òpin ọ̀sẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo di bísíkíìtì, mílíìkì àti fítámì rẹ̀ sínú báàgì, mo sì rò pé ó dára bẹ́ẹ̀, bóyá bí wọ́n bá jọ wà, ọkàn ìyá àgbà á yọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, mò ń sá aṣọ ilé ìwé. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọ eyín, ó ní, "Màámi ní àwọn jọ fẹ́ gbààwẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá Àdúrà kan ní àdúgbò wọn ló fẹ́ bá wọn gbà á."

"Àwọn wo?" mo bi í.

Ó dúró pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Mo rí i lójú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ dókítà ṣe ń padà bọ̀ wá sí i lọ́kàn. Ó tu ọṣẹ eyín tó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wá fóònù káàkiri nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè, wọn ò gbé e. Ó tún pè. Ó wọ mọ́tò, mọ́tò kọ̀ láti sítáàtì. Mo ti bọ́ sójú títì nígbà náà, aṣọ ilé ni mo wọ̀, mi ò sì mọ̀ pé pẹ́ẹ̀gì mẹ́ta tí mo fi ń sá aṣọ ṣì há mọ́ èjìká mi.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá la wọ̀ dé Ẹ̀gbẹ́dá, a tún wọ òmíràn dé Ìyànà Ìpájà, a sáré kọjá láàárín àwọn tó ń kiri ọjà, a wọ òmíràn sí Ayọ̀bọ̀. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ gbá a létí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú. Ohun tí mò ń rò kò ju ọ̀kan lọ: ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn? Tó bá jẹ́ pé láti àná, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tán, ara rẹ̀ ti ń wá ohun tí yóò jó, àwọn mitokọ́ńdíríà tí kò lè jó o dáadáa ló sì wà níbẹ̀. Ibi tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, kẹ̀kẹ́ ní òun ò lè kọjá, a bọ́ sílẹ̀, a sáré nínú ẹrẹ̀.

Ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ti rẹ ṣàkì sínú ọpọ́n kan, ti ìṣínu ìrọ̀lẹ́. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọ pálọ̀.

Ọmọ mi wà lórí ẹní, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, orí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà. Ojú rẹ̀ pa dé. Mo rò pé ó ń sùn. Ìyá Àdúrà jókòó sórí àpótí kan pẹ̀lú Bíbélì, obìnrin àgbàlagbà kan tí ohùn rẹ̀ tutù, ó sì kí wa pé ẹ káàbọ̀.

"Mọ́mì," ọmọ mi ní, kò la ojú. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti funfun. Nígbà tó fẹ́ yí orí sọ́dọ̀ mi, ọrùn rẹ̀ kò gbé e.

Mo kúnlẹ̀, mo já mílíìkì tí mo rà lójú ọ̀nà, mo gbé e sí i lẹ́nu. Ó di eyín. Mo ní kó lanu, ó mi orí díẹ̀, omijé sì ń jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú tó pa dé yẹn.

"Mi ò gbọdọ̀ mu ún," ó ní.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Tí mo bá jẹun, ohun náà á padà sára yín. Ẹ máa kú."

Gbogbo ìjà tí mo ti tò sílẹ̀ láti Ìgándò, ó tán lára mi. Mo ti múra láti gba ọmọ mi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mi ò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun fúnra rẹ̀ ni màá ti gbà á. Ó ń pa ara rẹ̀ nítorí mi. Mi ò sì lè fi tipá ya ẹnu rẹ̀, nítorí iṣan ọ̀fun rẹ̀ náà ti rọ̀, tí mo bá da mílíìkì sí i, ọ̀nà òdì ló máa gbà. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà sí i létí nìkan ló lè yọ ọ́ kúrò. Mo gbójú sókè wo ìyá ọkọ mi.

"Màámi, ẹ sọ fún un kó jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ó ń kú lọ."

"Mo rò pé o máa pariwo," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò le, ẹ̀rù ló wà nínú rẹ̀, mo gbọ́ ọ. "Níwájú Ọlọ́run, ṣé ìwọ kọ́ lo fún un?"

Ìyá Àdúrà ní, "Ìyá ọmọ, a ò bínú sí yín o. Ẹ̀yin náà lè má mọ̀ pé ẹ fún un. Ẹ̀yin méjèèjì la fẹ́ gbà sílẹ̀."

Ọkọ mi ní, "Màámi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo..."

"Èmi ni," mo wí.

Gbogbo wọn wò mí. Ọkọ mi la ẹnu sílẹ̀.

"Èmi ni mo fún un, mà. Ìyá mi ló fún mi, ìyá tiwọn ló fún àwọn náà. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí ohun tó jẹ́."

Mi ò dúró kí wọ́n bi mí. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo fa ṣàkì kan yọ nínú ọpọ́n, mo sì gbé e wọlé, omi rẹ̀ ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá Àdúrà fa aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ wò ó. Ohun kan wà nínú ara wa tó kéré tí ojú ò lè rí, inú rẹ̀ ló rí báyìí. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń di agbára. Òun ló ń gbé ìpéǹpéjú, òun ló ń gbé ọrùn. Kò sí ẹ̀dá tí kò ní i, Ìyá Àdúrà ní i, èmi ní i. Gbogbo wa pátá, ọ̀dọ̀ ìyá wa ló ti wá. Ìyẹn ni dókítà sọ. Nínú èyí tí mo ní, àwọn kan ti bàjẹ́, tèmi kò pọ̀ tó láti dá mi dùbúlẹ̀. Ti ọmọ yìí ló pọ̀. Kò ní ohun mìíràn tí yóò máa lò ju oúnjẹ lọ, mà, oúnjẹ yẹn la sì gbà lẹ́nu rẹ̀."

"Ti bàbá ńkọ́?" ìyá ọkọ mi béèrè.

"Àtọ̀ ọkùnrin ní díẹ̀, ó fi ń sáré dé ọ̀dọ̀ obìnrin ni. Tó bá dé ibẹ̀, wọ́n á pa á rẹ́. Kì í dé inú ọmọ."

Ó gbé ojú kúrò lára mi, ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà á.

"Èyí tó wà lára ọmọ tèmi yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ fún un."

"Èmi nìkan?"

"Ẹ̀yin nìkan, mà. Bàbá wọn kò fi ẹyọ kan sí i."

Mo mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ lọ, mo mọ̀ pé Oǹdó ló wà, níwájú àwọn tó sọ fún un pé kò kó nǹkan kan wọlé. Mo fẹ́ kó padà wá kíákíá. Èémí ọmọ mi ti ń yá jù, mo ń wo àyà rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé èyí tó bàjẹ́ lo fún un?" ó bi mí.

"Bí ẹ̀yin náà ò ṣe mọ̀ pé èyí tó dáa lẹ fún ọkọ mi, mà."

Ó yíjú sí Ìyá Àdúrà, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jẹ́ ká dá a dúró níbí."

"A ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run," Ìyá Àdúrà wí.

"Èmi ni mo jẹ́ ẹ. Èmi náà ni màá bá a sọ ọ́." Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ẹnu sí ọmọ létí. "Ọmọ mi, ààwẹ̀ ti tán."

"Mọ́mì ò ní kú?"

"Ìyá rẹ ò ní kú. Èmi ni mo sọ ọ́, mo ti gbà á padà. Ṣé o gbọ́ mi? Mo ti gbà á padà. Lanu."

Ó lanu.

Ọkọ mi ti pe dókítà nígbà náà. Dókítà ní kí a fún un ní ohun tó dùn díẹ̀díẹ̀, kí a má kánjú, kí a sì máa gbé e bọ̀. Ọkọ mi sáré jáde lọ wá mọ́tò. Ìyá Àdúrà ló lọ gbé omi gbígbóná wá, mo fẹ́ sọ èyí nítorí pé òtítọ́ ni. Ìyá ọkọ mi po ògì, ó da ṣúgà àti mílíìkì sí i, ó fi ẹ̀gbẹ́ ètè rẹ̀ tọ́ ọ wò, ó sì gbé abọ́ náà fún mi. Mo fi síbí kékeré bu ú. Ti àkọ́kọ́ jáde padà gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Mo nù ún. Ti ìkejì dúró lẹ́nu rẹ̀, a jọ ń wo ọ̀fun rẹ̀, èmi àti ìyá àgbà, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara wọn. Ọ̀fun náà kò mì. Mo rò ó pé kò sí ohun tí mo tún lè ṣe láyé mọ́. Ọ̀fun náà wá gòkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Ó gbé e mì," ìyá ọkọ mi sọ, bí ẹni tó ń sọ fún gbogbo àdúgbò.

A ń fún un lọ bẹ́ẹ̀, síbí kan, ìsinmi, síbí kan. Mọ́tò kò tètè dé nítorí ọ̀nà yẹn. Nígbà tí abọ́ fẹ́ tán, ìpéǹpéjú rẹ̀ gbé díẹ̀, dúdú ojú rẹ̀ hàn lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Gíránmà, ṣúgà rẹ̀ kò tó." Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mi ò tilẹ̀ lọ fi pamọ́ sí balùwẹ̀.

Ìyá ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọwọ́ pa irun ọmọ náà.

"Èyí tí mo fún ọkọ rẹ yẹn," ó ní jẹ́jẹ́, "ta ni òun wá fún?"

Èmi tí mò ń tún àṣìsọ ṣe jẹun, mo fẹ́ purọ́ nígbà yẹn. Mi ò lè ṣe é.

"Kò lè fún ẹnì kankan, mà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló parí sí."

Ó ronú sí i. Kò ní ọmọbìnrin. "Ìyẹn ni pé kò sí tèmi lára ọmọ yìí."

"Ó wà, mà. Imú yẹn, tiyín ni. Ẹnu tó mú yẹn, a mọ ibi tó ti wá. Èyí tó ń tanná nìkan ni kò sí."

Ó wo abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, níbi tí ògì ti gbẹ mọ́ etí rẹ̀.

"Ògì tó mu yìí ńkọ́?"

"Òun ló ń jó nínú rẹ̀ báyìí, mà."

Ó gbọ́ ọ, ó sì mi orí. Ó rọra gbé orí ọmọ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ mi. Ó gba abọ́ àti síbí lọ́wọ́ mi, ó sì lọ po òmíràn.